Wọ́n Yọ Yàrá Mi Kúrò Nínú Ilé Bàbá Wa

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó jiyàn: èmi ni mo lẹ táìlì sí pálọ̀ kan ní Ayọ̀bọ̀, tó dán débi pé lékèélékèé mẹ́rìnlá gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ń wá ẹja nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, apẹja kan ti ru ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ láti Àgbádárìgì wá, ó da àwọ̀n sáàárín àga onílé, ó sì fa ẹja àrọ̀ mẹ́ta jáde. Onílé ní òun ló ni ẹja nítorí òun ló ni pálọ̀. Apẹja ní òun ló ni ẹja nítorí òun ló ni àwọ̀n. Èmi ni mo parí ìjà wọn. Orí ẹja tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jẹ ẹ́.

Ọwọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ọwọ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n yọ yàrá rẹ̀ kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò. Àwọn kan á ní àgbàlagbà kì í bínú. Àgbàlagbà tí kì í bínú, ó ti kú, wọn ò kàn tíì sọ fún un ni.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ṣábẹ̀, lápá ibi tí àwọn Faransé gbà. Yorùbá ni wá. Yorùbá ni ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tí àwọn òyìnbó fa ìlà wọn sáàárín ilẹ̀, ìyá mi ò sí níbẹ̀, èmi náà ò sí níbẹ̀, ewúrẹ́ wa pàápàá ò sí níbẹ̀, torí ó ń sọdá rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé. Mo lọ sílé ìwé Faransé dé kíláàsì kẹrin, olùkọ́ wá bẹ bàbá mi pé kó fi mí sílé kí orí òun lè fúyẹ́. Mo kọ́ iṣẹ́ táìlì ní Kútọnu. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wá sí Èkó. Bí mo ṣe wá, ẹ má bi mí. Ọ̀nà ni mo gbà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń gba ọ̀nà.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nípa ariwo Èkó àti ọ̀pọ̀ èrò ibẹ̀. Wọn ò sọ fún mi nípa ẹ̀rín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ní Dọ́pẹmú, mo dọ̀bálẹ̀ kí bíríkìlà àgbà kan, ọkùnrin Ìbàdàn tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ó wò mí, ó yíjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ gbọ́ o! Kútọnu yìí ń sọ Yorùbá!"

"Yorùbá ni mí, bàbá."

"Yorùbá wo? Yorùbá tìẹ yìí ń rùn bíi búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sórí àpò símẹ́ńtì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pàdánù orúkọ mi. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, wọ́n á ní, "Kútọnu mọ iṣẹ́ ṣá." Bí ṣọ́bìrì bá sọnù, wọ́n á ní, "Ẹ bi Kútọnu." Mo lẹ táìlì kiri Ẹ̀gbẹ́dá, mo lẹ kiri Ìkọ̀tún, gbogbo ilé tuntun tó ń hù ní Ayọ̀bọ̀ bí olú, orúnkún mi mọ ilẹ̀ wọn ju àwọn onílé lọ. Orúkọ mi ò kúrò ní Kútọnu. Ìlú tí mo gbé fún ọdún mẹ́ta péré láti kọ́ṣẹ́!

Bí mo bá wá fi ìbínú di ẹrù, tí mo lọ sílé fún Iléyá, kí ni mo máa gbọ́ ní àbáwọlé abúlé? Àwọn ọmọdé á máa sáré: "Nàìjíríà ti dé! Nàìjíríà ti dé!" Ẹ gbà mí o. Níbí, orúkọ ibẹ̀ ni mò ń jẹ́. Níbẹ̀, orúkọ ibí ni mò ń jẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni orí fóònù.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ fóònù ṣe rí. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ni mo máa ń pe Bùráímọ̀, àbúrò mi. Òun ló tẹ̀ lé mi. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń gbé inú ilé bàbá wa. Mo máa ń jókòó sórí báàgì irinṣẹ́ mi nínú yàrá tí mo háyà ní Ìgàndò, èéfín ààtàn ńlá tó wà ládùúgbò wa á máa wọlé wá bá mi bí àlejò tí wọn ò pè. Màá gé ata sí omi, màá fi jẹ ẹ̀bà. Bùráímọ̀ á bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?" Màá ní, "Ẹran ti sú mi." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹni tó wà lókèèrè kì í sọ pé ebi ń pa òun. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ò ní sùn, àwọn ọ̀tá bàbá rẹ̀ á sì sùn dáadáa. Torí náà, mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, iyọ̀ díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti gbé gbogbo ìgò iyọ̀ dà sí i.

Mo ní ọjọ́ ìyì tèmi náà o. Ìjọ aláṣọ funfun kan lọ́nà Ìkọ̀tún ní kí n wá tún ilẹ̀ pẹpẹ àwọn ṣe. Mùsùlùmí ni mí, wọ́n mọ̀, wọn ò sì bínú sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọlé àdúrà. Ojú èèyàn lè gba irọ́ táìlì, pàápàá tí onílé bá ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Àtẹ́lẹsẹ̀ ò gba irọ́. Bí etí táìlì kan bá ga ju èkejì lọ níwọ̀n èékánná, ẹsẹ̀ á pariwo. Nígbà tí mo parí, Ìyá Àdúrà ìjọ náà, tó ti darúgbó tó ń fọwọ́ ta ilẹ̀ kiri nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pẹpẹ. Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

Wọ́n ní, "Kútọnu ni, Mọ̀mí."

Ó ní, "Mi ò béèrè ìlú. Mo ní ta ni?"

Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó pè é, ó pè é dáadáa. Ẹ̀yìn pẹpẹ ni mo sáré lọ kí wọ́n má baà rí ojú mi. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Nígbà tó yá, orúnkún mi méjèèjì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo di ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nílé, òjò wó ilé bàbá wa, ilé alámọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Mọ̀lẹ́bí pinnu láti tún un kọ́. Rámọ́nù, ọmọ Bùráímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílẹ̀ Faransé, ní kí a kọ́kọ́ kọ ìwé ilé sílẹ̀: orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ṣe láyé, àti yàrá tó jẹ́ tirẹ̀. Iye yàrá tó bá wà nínú ìwé yẹn ni bíríkìlà máa ta okùn fún kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ mọ ohun tí yàrá jẹ́ nílé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú rẹ sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí sàréè. Ẹni tí kò ní yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí bí àlejò. Mo ti jẹ́ àlejò tó. Mi ò ní jẹ́ àlejò nígbà tí mo bá kú.

Rámọ́nù ò fi ìwé yẹn sínú ìwé o. Ó fi í sínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní Gíìtì, inú kọ̀ǹpútà ló wà.

Ẹni tó kọ́ mi ni Síkírá, ìyá ìbejì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún àwọn kan tí òun náà ò rí rí. Mo mú àga mi lọ bá a.

"Bàbá, ẹ fojú inú wò ó báyìí. Ìwé kan wà nílé. Ẹ̀yin dà á kọ, ẹ gbé àdàkọ yín wá sí Ìgàndò, ẹ ń fi tiyín kún un. Àwọn ará ilé náà ń fi tiwọn kún tọ̀hún. Ẹ̀ka là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀ka Ìgàndò, ẹ̀ka ilé. Tó bá yá, a ó pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan."

"Tí mo bá kọ funfun, tí wọ́n kọ dúdú ńkọ́?"

"Tí ẹ bá kọ ọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Gíìtì á pa á pọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìlà kan náà lẹ jọ fọwọ́ kàn, kò ní dá sí i. Á gbé tiyín kalẹ̀, á gbé tiwọn kalẹ̀, á ní kí ẹ wá parí ìjà yín."

Mo ní, "Ó gbọ́n ju mọ̀lẹ́bí mi lọ. Tiwa, ẹni tọ́rọ̀ ò kàn ló máa ń kọ́kọ́ dá sí i."

Ó ń rò pé òun ń kọ́ mi ní nǹkan tuntun. Ohun tí mo fi ogójì ọdún ṣe ni! Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá gùn, táìlà méjì ló ń pín in: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n á pàdé láàárín. Bí wọn ò bá ta okùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé ni ogun dé. Táìlì tèmi á wọ abẹ́ táìlì tìẹ. Ọ̀gá tó gbọ́n á gé táìlì àárín, á wá ọ̀nà tí méjèèjì á fi bá ara wọn mu. Ọ̀gá tó ń bínú á gbé òòlù, á fọ́ gbogbo iṣẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀, á ní tòun nìkan ló máa dúró. Èmi, irú ọ̀gá wo ni mo jẹ́? Ẹ ní sùúrù, ẹ máa tó mọ̀.

Mo fi ìka kan kọ tèmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé èmi ni ọmọ àkọ́kọ́, ọ̀gá àwọn táìlà, tí lékèélékèé ń wá kí nílé. Síkírá kà á, ó dijú, ó ní, "Bàbá, lékèélékèé ńkọ́?" Mo ní kó fi sílẹ̀. Níparí ìlà náà ni mo kọ ọ́ sí: yàrá kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé la fẹ́ pa ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Bíríkìlà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Síkírá tẹ nǹkan mélòó kan, kọ̀ǹpútà rò ó díẹ̀, ó wá gbé ìjà jáde. Lókè, tèmi. Láàárín, ọ̀wọ́ àmì kan bí ọgbà tí wọ́n fi pààlà oko. Nísàlẹ̀, ti ẹ̀ka ilé. Mo gbé gíláàsì mi wọ̀.

"Ọmọ àkọ́kọ́: ó wà ní Nàìjíríà. Kò gba yàrá."

Mo tún un kà. Mo ní kí Síkírá bá mi kà á, bóyá gíláàsì mi ló ń bú mi. Ó kà á, ohùn rẹ̀ ń relẹ̀.

"Kò gba yàrá! Èmi! Tí mo gbé Bùráímọ̀ pọ̀n lọ sílé ìwé ọjọ́ tí ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀! Tí mo ń fi kóòtù mi bò ó!"

Ìbejì Síkírá tó ń sùn jí, wọ́n bú sẹ́kún. Ó gbé ọ̀kan pọ̀n, ó gbé èkejì sẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ta ni màá pè? Àbúrò mi? Kí n pe àbúrò mi, kí n bi í bóyá mo jẹ́ ọmọ bàbá mi? Láéláé!"

"Kí ni ìtìjú níbẹ̀?"

"O ò lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ ló gbẹ̀yìn nílé yín."

Ó mi orí. Ó ní òun fẹ́ kírun Àsárì kó tó kọjá, ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan o, jọ̀ọ́. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sídìí omi àlùwàlá. Mo wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà wò mí. Ó ti fi hàn mí tẹ́lẹ̀: èyí ni wọ́n ń tẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ gba tirẹ̀ nìkan, èyí ni wọ́n ń tẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ gba tòkè àti tìsàlẹ̀ pọ̀, èyí ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílé. Mo gbé òòlù. Mo tẹ tèmi nìkan. Mo tẹ èyí tó ń ránṣẹ́, ó lọ sílé. Kí Síkírá tó kírun tán, mo ti padà sórí àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń mi ẹsẹ̀ bí ọba.

Ní ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Mo rò pé Bùráímọ̀ ló ń pè láti wá bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ohùn mi di nínípọn. Àdùkẹ́ ni, àbíkẹ́yìn wa, tí ọkọ rẹ̀ kú, tó padà wálé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Àdùkẹ́, kí ló dé?"

"Bùráímọ̀ fi ìwé hàn mí láàárọ̀ yìí. Orúkọ àwọn ọmọ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní láti Ìgàndò ni wọ́n ti yọ wọ́n. Mo ti sin bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá ń bá mi sin àwọn ọmọ náà láàyè?"

Mo ní, "Èmi? Mi ò fọwọ́ kan ọmọ rẹ kankan!"

Ló bá pa fóònù. Àdùkẹ́, tí kò pa fóònù lé mi lórí rí.

Mo lọ bá Síkírá, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ó ti mọ̀. Ó ti rí i lójú kọ̀ǹpútà, ó kàn ń dúró dè mí ni, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí.

"Bàbá, ẹ wá jókòó. Ẹ wo ibí. Lábẹ́ ìlà tiyín tí àwọn ará ilé kọ, wọ́n tún kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú yàrá kan. Ẹ ò kà á dé ibẹ̀. Ìlà yín àti tiwọn sún mọ́ra, Gíìtì sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìjà kan náà. Bí ẹ ṣe ní tiyín nìkan, gbogbo tiwọn ló lọ."

Ẹ ò bá wò mí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń pariwo pé wọ́n pa òun rẹ́, ó ti fi ìka kan pa ọmọ òrukàn mẹ́ta rẹ́.

"Ṣé wọ́n ti sọnù pátápátá?"

"Rárá. Ohun kan tó dáa nínú Gíìtì nìyẹn, kì í gbàgbé. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kọ rí wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìdí tó fi kọ ọ́. Màá dá a padà síbi tó wà lánàá."

"Ìdí?" Etí mi là. "Bùráímọ̀ náà kọ ìdí tó fi yọ mí?"

"Ó yẹ kó kọ ọ́."

"Gbé e jáde. Kí gbogbo ayé rí ìwà ìkà rẹ̀."

Ó wá a. Ó rí i. Ó kà á sínú, ó yíjú sí mi, ó tún yíjú sí kọ̀ǹpútà.

"Kà á síta!"

Ó kà á. "Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ti kọ́lé oníyàrá méjìlá sí Ìgàndò. Ẹni tó ní yàrá méjìlá lókèèrè kò ní bínú tí a bá fi ọ̀kan rẹ̀ nílé fún àwọn ọmọ Àdùkẹ́."

Síkírá yí àga rẹ̀ sí mi.

"Yàrá méjìlá, Bàbá?"

Mo ń wo àjà.

"Òótọ́ ni ṣá," ni Síkírá wí, ó di ẹnu mú, "yàrá méjìlá ló wà nínú ilé tí a háyà yìí. Tèmi wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ni tiyín, ẹ̀yin àti eku lẹ sì jọ ń gbé e."

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ìbínú mi rọ̀. Ibẹ̀ ló ru! Bùráímọ̀ mọ̀ mí láti kékeré. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo rí ọ̀nì tó wọ bàtà méjèèjì, tó ń sọdá títì ní Dọ́pẹmú, kò gbà mí gbọ́. Nígbà tí mo ní mo fi gààrí ife kan bọ́ odindi mọ́ṣáláṣí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa fún ọmọ yẹn, èyí nìkan ló gbà gbọ́! Kí ló dé tó fi gbà á gbọ́? Torí ohun tí gbogbo ilé ń retí lọ́wọ́ ẹni tó lọ sókèèrè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń retí ọ̀nì. Ilé ni wọ́n ń retí. Wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ láti ọdún tí mo lọ: "Ṣé ẹ ti kọ́lé?" "Ẹ ò tíì kọ́lé?" Ní Jímọ́ọ̀ kan, ó sú mi, mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú kan, láìsí símẹ́ńtì. Mo ti lẹ táìlì sí ilé àwọn èèyàn ju kí n kà á lọ, ṣé mi ò lè ní ọ̀kan lẹ́nu ni?

Síkírá dá ohun gbogbo padà. Ìjà náà tún jókòó síwájú mi bí ó ṣe wà ní Ọjọ́ Ajé: tèmi lókè, ọgbà láàárín, tiwọn nísàlẹ̀.

"Bàbá, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè gba tiyín, ẹ ti rí ohun tó dà. Ẹ lè gba tiwọn, kí yàrá yín lọ. Tàbí kí ẹ kọ ìlà tuntun tó gba ti gbogbo yín mọ́ra."

"Tí mo bá kọ tuntun, wọ́n á mọ̀ pé mi ò ní ilé?"

"Gbogbo wọn. Rámọ́nù náà."

Mo padà sí yàrá mi. Mo jókòó sórí báàgì irinṣẹ́, ibi tí mo jókòó sí ọjọ́ tí mo kọ́ ilé yẹn. Mo wo bùtà mi, mo wo ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìlì, eruku ti bò ó. Bí mo bá fi irọ́ yẹn sílẹ̀, màá jẹ́ ọlọ́rọ̀ títí màá fi kú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á sì tẹ́ ọlọ́rọ̀ náà sí. Mo bú Bùráímọ̀. Mo bú àwọn tó ń béèrè ilé. Mo bú bíríkìlà oníkùn ńlá Dọ́pẹmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú, Ọlọ́run dárí jì í. Nígbà tí kò sí ẹlòmíì láti bú mọ́, mo dìde.

Ọjọ́rú ni mo kọ ọ́. Mo pa lékèélékèé rẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo pa wọ́n rẹ́. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ọmọ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ táìlì ló ṣe ní Nàìjíríà. Kò kọ́lé. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, òun àti àwọn ọmọ Àdùkẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ni ín. Kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀ títí yóò fi dé."

Lábẹ́ rẹ̀, mo fi orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ bí ìyá wọn ṣe kọ wọ́n. Síkírá ní ó ku àmì ìjà láti nù kúrò, àwọn ọgbà tó wà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á hàn nínú ìwé títí láé. Ìyẹn ò nílò àlàyé. Símẹ́ńtì funfun tó bá yọ lójú táìlì, kó tó gbẹ ni wọ́n ń nù ún. Bó bá ti gbẹ, á máa bú ẹni tó lẹ ẹ́ títí ayé.

"Ó ku ìdí," ni Síkírá wí. "Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi yí i padà."

Mo ronú nípa àlàyé gígùn. Ìka mi kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: Mo parọ́.

Ó fi ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bùráímọ̀ pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Okùn yàrá yín ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ta. Ẹ má bínú. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń dá jẹ ìyà, tẹ́ ẹ ń fi ẹnu jẹ ẹran?" Ó sunkún. Mo ní kó dákẹ́ jàre, mo ní èmi náà ti dárí jì í. Ó pe orúkọ mi, orúkọ tí bàbá wa sọ mí, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dáa. Ẹja àrọ̀ inú pálọ̀, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ilé oníyàrá méjìlá, mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ò mọ̀ rèé: Bùráímọ̀ ò pè mí. Ìpè Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi ni mo hun ún, ẹkún àti gbogbo rẹ̀. Mo mú fóònù dání láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò dún. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì pè, inú sì ń bí mi, bó ṣe ń bí òun náà.

Àwòrán kan ni Àdùkẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù Síkírá, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú èèkàn àti okùn. Mo ka àwọn yàrá láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu ọ̀nà. Tèmi wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ wá wò ó fúnra yín: okùn rẹ̀ ò tilẹ̀ tọ́.